Ìṣẹ́jú Kan Àbọ̀ Tí Wọ́n Gé Dànù

Kì í ṣe òru ni Bàbá Oníwọ̀n kọ́kọ́ dúró nínú fídíò. Ká ní òru ni, à bá ní oorun ló ń kun Ìyá Fídíò. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀, oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n gbójú sókè sí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri. Nínú tẹlifíṣọ̀n náà, Bàbá ti wọn pákó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fa ìlà, ó ti tan ẹ̀rọ ayùn. Ohun tó kàn ni kó ti pákó lọ bá abẹ. Kò tì í. Ó dúró, ọwọ́ méjèèjì lórí pákó, ó ń wo iwájú.

"Fídíò ti dì o," ni Ẹlẹ́nu wí. Ẹlẹ́nu ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin tó ga jù nínú wọn, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá ń jẹun. "Ìyá Fídíò, ó ti rẹ Bàbá. Ẹ bá wọn gbé àga wá."

Ẹ̀rín sọ. Ìyá Fídíò dìde lórí àpótí tó fi ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó na rìmóòtù sí tẹlifíṣọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró lófuurufú.

Lẹ́yìn Bàbá nínú fídíò, fáànù kan wà lára ògiri. Fáànù náà ń yí. Ìyẹ̀fun igi ń fò nínú ìmọ́lẹ̀, ó ń bà lé Bàbá léjìká. Abẹ ayùn ń yí, ariwo rẹ̀ ń dún. Fídíò ò dì. Bàbá nìkan ló dúró.

Obìnrin náà sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó tẹ rìmóòtù, kò sí ìyàtọ̀. Ó wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n: ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Nígbà tó ṣe, Bàbá mí kanlẹ̀, ó ti pákó rẹ̀ bá abẹ, iṣẹ́ sì ń lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

"Wáyà ni," ni Tíṣà Tuntun wí. "Ìyá Fídíò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo wáyà yẹn."

"Mo ti gbọ́, Tíṣà."

Ó wo wáyà. Wáyà ò ṣe nǹkan kan.

Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti sin Bàbá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni níṣẹ́ káfíńtà nínú yàrá yẹn, ó sì kú pẹ̀lú ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ohun tó máa ń fi yangàn nìyẹn. Bó bá pàdé káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í béèrè ilé, kì í béèrè ọ̀nà. "Mélòó ló kù?" ni yóò béèrè, onítọ̀hún yóò sì na ọwọ́ fún un kó kà á. Oníwọ̀n ni wọ́n ń pè é nítorí kò sí pákó tí kì í wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. "Pákó tí o bá wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni wàá gé e," ni yóò máa wí. "Èyí tí o bá wọ̀n lẹ́ẹ̀kan, wàá gé e títí yóò fi di igi ìdáná."

Ìyá Fídíò ní tirẹ̀, ìgbálẹ̀ ló gbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà. Òun ló ń gbá ìyẹ̀fun igi tí Bàbá bá dà sílẹ̀. Ó ti bímọ mẹ́ta kó tó mọ A yàtọ̀ sí B, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà dé, tí àwọn olùkọ́ ń sá fún un bí ẹni tó rí ejò, òun ló ní kí wọ́n jẹ́ kóun wò ó. Bó ṣe fi ìgbálẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nìyẹn. Kò ì jù ú nù, nítorí wọn kò tí ì fún un ní ìwé tó sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi.

Bàbá kò kọ́kọ́ fẹ́ fídíò. "Fídíò dára," ó ní, "ṣùgbọ́n kò lè gbá ọmọ lọ́wọ́." Síbẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé bí ó bá ń gé pákó níwájú ọmọ mọ́kànlá, àwọn mẹ́ta tó sún mọ́ ọn jù ló ń rí abẹ, ẹ̀yìn orí ni àwọn tó kù ń wò. Fídíò yóò jẹ́ kí gbogbo wọn rí i, wọ́n á sì lè dá a padà bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ikọ́ sì wá ń dá Bàbá dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó gbà. Ikọ́ rẹ̀ yẹn, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló mọ̀ ọ́n. Mẹ́ta ló máa ń wá: méjì kúkúrú, ẹ̀kẹta a fà gùn bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya á, wàhálà kan ṣẹlẹ̀. Ìdérí kan wà lórí abẹ ayùn náà, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo abẹ bí ìkarahun ṣe ń bo ìgbín, kí ọwọ́ má baà dé ibẹ̀. Kámẹ́rà kò rí abẹ, ìdérí nìkan ló ń rí. Bàbá ronú títí. Ó tú nọ́ọ̀tì méjì tó di ìdérí mú, ó jù wọ́n sápò àyà ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé ìdérí sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí kámẹ́rà.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní. "Mo yọ nǹkan yìí kí ẹ lè rí inú iṣẹ́ ni. Ẹ̀yin ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Ẹni tó bá yọ ọ́, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ mi." Ó wúkọ́. Ó tún un sọ. Ó tún wúkọ́. Gbogbo rẹ̀ gba ìṣẹ́jú kan àbọ̀.

Fídíò náà jẹ́ ìṣẹ́jú mọ́kànlá àbọ̀. Àṣẹ sì ti wá láti ọ́fíìsì òkè pé kò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í lè jókòó pẹ́. Ìyá Fídíò wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Bó bá gé ibi tí Bàbá ti ń wọn pákó, iṣẹ́ bàjẹ́. Bó bá gé ibi tó ti ń gé e, kí ni fídíò wà fún? Ibi tí ikọ́ wà ló rí pé kò dùn ún gbọ́. Ó gé ibẹ̀. Ó ní òun á fi ẹnu sọ ọ́ fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, ó nu káàdì kámẹ́rà náà mọ́ kó lè fi ya àwọn aránṣọ.

Bàbá kò padà sí yàrá iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Nígbà tí Ìyá Fídíò lọ kí i lórí ibùsùn, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Ṣé ọ̀rọ̀ ìdérí wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ sinmi."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ kẹta, ó kú.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ìgbà Bàbá gba ìwé ẹ̀rí wọn lọ, àwọn tuntun dé, Tíṣà Tuntun náà dé. Ó bá ìdérí nílẹ̀ láìní nọ́ọ̀tì, ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Ìyá Fídíò sọ ọ́ fún un nígbà kan, ohùn rẹ̀ kò sì le. Tíṣà fi ọwọ́ tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n. "Bàbá fúnra wọn ò lò ó, Ìyá. Ṣé èmi ni mo wá mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ ni?" Kí ni yóò wí? Bó bá wí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sọ ẹni tó gé e. Ó dákẹ́. Àkọ́bí irọ́ ni Bàbá gbọ́, ìdákẹ́jẹ́ yìí ni àbúrò rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé aago dání. Bàbá tún dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyá Fídíò ń wo aago, ó ń wo Bàbá. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá yí orí díẹ̀díẹ̀, ó wo ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ìka kan, ó fi kan àpò àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. Ìyá Fídíò kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó rìn lọ sí ọ̀dọ̀ fèrèsé. Ojú Bàbá tẹ̀ lé e dé ibẹ̀.

Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ pérépéré. Ó ti mọ̀ kó tó wo aago.

Ó fa Ẹlẹ́nu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí lo rí nígbà tó dúró?"

"Fídíò tó dì ni mo rí, Ìyá." Ó wò ó lójú. "Kí lẹ̀yin rí? Ara yín ń gbọ̀n."

"Òtútù ni."

"Òtútù? Nínú ooru tó ń bó wa láwọ yìí?"

"Ẹlẹ́nu, lọ jókòó."

Ọjọ́rú ló burú jù. Ká sọ òótọ́, kò fẹ́ wọ yàrá náà mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn mọ́kànlá yẹn. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ni, Kékeré ni wọ́n ń pè é, òun nìkan ni obìnrin nínú wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin ibẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, ni ìdánwò wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dúró nídìí ayùn, wọn yóò tan fídíò, yóò máa ṣe ohun tí Bàbá bá ń ṣe gẹ́lẹ́: bí Bàbá bá wọ̀n, á wọ̀n, bí Bàbá bá tì, á tì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú kan lókè, ojú kan nílẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, Bàbá dúró. Ìyá Fídíò kò wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́. Ọwọ́ Bàbá, bó ṣe mọ tirẹ̀ ló ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti jókòó tì í lórí kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ púpọ̀: ọwọ́ ńlá, èékánná tó nípọn, iṣan tó yọ síta. Ọwọ́ ọ̀tún tó wà lórí pákó, ti Bàbá ni. Ti òsì kì í ṣe ti Bàbá. Ó kéré, awọ rẹ̀ ń dán. Lẹ́yìn ọwọ́ náà, nísàlẹ̀ ìka tó kéré jù, àpá kan wà níbẹ̀ tó rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Ó mọ àpá yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Kékeré nígbà tó fi ọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Òun fúnra rẹ̀ ló fi omi tútù sí i, tó ń sunkún ju ọmọ lọ.

Nínú fídíò, ọwọ́ kékeré náà ń sún mọ́ abẹ. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín. Ìyá Fídíò ké, ó fa wáyà yọ kúrò lára ògiri. Tẹlifíṣọ̀n ṣú. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ yíjú sí i. Kékeré, tó wà nídìí fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé pérépéré lórí itan rẹ̀, ní, "Màámi? Kí ló dé?"

Ó gba ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà lọ tààrà. Ó ti tò ó sẹ́nu: èmi ni mo gé e, mo parọ́ fún Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá ìdérí padà. Ọ̀gá Àgbà jókòó, fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Ó ń dún. Ọ̀gá kò gbé e.

"Ẹ jókòó, Ìyá Fídíò. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ rí. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì òkè lọ́la, fídíò yín ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Ìwé yín rèé." Ó gbé bébà kan sókè. "Bí ọ̀la bá lọ dáadáa, mo buwọ́ lù ú. Ẹ ò ní gbálẹ̀ mọ́ láyé yín."

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Nípa fídíò Bàbá yẹn..."

"Kí ló ṣe é?" Ó yára béèrè ju bó ṣe yẹ lọ. "Ta ló bá yín sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ó máa... ó máa ń dúró díẹ̀ ni."

"Ẹ pààrọ̀ wáyà." Fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀gá fi ọwọ́ bò ó.

Ìyá Fídíò gbé ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu, ó tún gbé e bọ̀ lẹ́nu.

Nírọ̀lẹ́, ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ Kékeré, ọmọ náà sì jókòó tì í, ó ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù rẹ̀.

"Kékeré, lọ́la, sọ fún Tíṣà kó fi ìdérí bo ayùn kó tó kàn ọ́."

"Haà, Màámi! Ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹlẹ́nu á ní obìnrin lẹ̀rù ń bà. Bàbá Oníwọ̀n ò lò ó, kò sí ìka rẹ̀ kan tó lọ."

"Bàbá máa ń lò ó."

"Níbo? Ẹ̀yin lẹ ya fídíò yẹn. Àbí Bàbá ń tàn wá ni?"

Áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ ìyá, ooru rẹ̀ ń gba ojú rẹ̀. Ó wo àpá ọwọ́ ọmọ. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó rántí bébà orí tábìlì Ọ̀gá. Ó rántí bí ọmọ yìí ṣe máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyá òun kì í ṣe agbálẹ̀ mọ́.

"Bàbá kò tan ẹnikẹ́ni," ó ní. "Lọ sùn."

Òun ò sùn.

Kí oòrùn tó mú dáadáa lọ́jọ́ kejì, ó ti wà ní yàrá fídíò. Ẹ̀wù iṣẹ́ Bàbá ṣì kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bó ṣe bọ́ ọ lọ́jọ́ tí wọ́n ya á. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà. Ìyá Fídíò dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó dúró níwájú àgbàlagbà tó ṣẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà. Nọ́ọ̀tì méjì ló bá níbẹ̀. Àárọ̀ tútù, irin yẹ kó tútù. Wọ́n gbóná, bí ohun tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sílẹ̀ lọ́wọ́. Ó dì wọ́n mú, ó lọ.

Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sọ ọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó fi dé ibẹ̀, àlejò méjì ti jókòó níwájú, obìnrin kan tó wọ jígí àti ọkùnrin kan tó ń kọ̀wé. Ọ̀gá Àgbà dúró tì wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. Tíṣà ti tan fídíò. Ẹni àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ jáde sì ti dúró nídìí ayùn.

Kékeré ni.

Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa ìlà. Ó tan ayùn, abẹ yọ lórí tábìlì náà ní ìhòòhò, ó ń dán nínú oòrùn. Lókè, Bàbá fi ọwọ́ lé pákó. Nílẹ̀, Kékeré fi ọwọ́ lé pákó. Ayùn méjì ló ń pariwo, ọ̀kan nínú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan nínú yàrá. Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

Bàbá dúró.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni fídíò ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wà nídìí ayùn nígbà náà. Kékeré gbójú sókè láti mọ ohun tó dé. Ó ń wo Bàbá. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ọwọ́ tó ti mọ ọ̀nà kì í tètè dúró. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín, ọwọ́ òsì, àpá bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Ìyá Fídíò kò mọ bí òun ṣe fo bẹ́ǹṣì. Ohun tó mọ̀ ni pé ó gbá ọmọ náà lọ́wọ́, pàà, bí ìyá ṣe ń gbá ọmọ tó fẹ́ fọwọ́ kan iná. Pákó fò, ó lu ògiri. Abẹ fa apá aṣọ Kékeré ya títí dé ìgúnpá, aṣọ tí wọ́n lọ̀ lálẹ́ àná. Ìyá rẹ̀ pa ayùn. Nígbà tí ariwo rẹ̀ lọ sílẹ̀, ti tẹlifíṣọ̀n nìkan ló kù, Bàbá sì ń wò wọ́n.

"Màámi!" ni Kékeré ké. Ó ń ka ìka rẹ̀.

"Ìyá Fídíò, kí lẹ ń ṣe?" Ojú Ọ̀gá Àgbà le. "Níwájú àlejò?"

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí ẹ̀rù tó tún pa mí lẹ́nu mọ́." Ó yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́. "Bàbá Oníwọ̀n kò gé pákó láìsí ìdérí rí láyé rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló yọ ọ́, kí ẹ lè rí abẹ nínú fídíò. Ó sọ ọ́. Ó ní ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́, ó tún un sọ, ó ń wúkọ́, ó ń sọ ọ́. Èmi ni mo gé e. Ó pọ̀ jù, ikọ́ rẹ̀ ò dùn ún gbọ́, mo sì gé e. Ó bi mí lórí àìsàn pé ṣé ó wà níbẹ̀, mo ní ó wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Iye tó fi ń dúró dè mí níbẹ̀ yẹn nìyẹn."

Gbogbo wọn gbójú sókè. Bàbá mí kanlẹ̀, ó ti pákó rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ẹlẹ́nu la ẹnu, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọ̀gá Àgbà ló jókòó. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú.

"Wọ́n pè mí lọ́jọ́ Ajé," ó ní, kò sì wo ẹnikẹ́ni. "Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta la fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí. Ọ̀kan nínú wọn ló pè. Ọmọ iṣẹ́ wọn kan, ọmọbìnrin. Ìka méjì. Wọ́n ní ohun tó rí nínú fídíò wa ló ṣe. Mo ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ kí ìbẹ̀wò yìí kọjá ná."

"Aago mélòó ni, Ọ̀gá?" Ìyá Fídíò béèrè. Ó ti mọ̀.

"Wọ́n ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni."

 Ìyá Fídíò jókòó sínú ìyẹ̀fun igi tó ti ń gbá láti ọdún wọ̀nyí. Tirẹ̀ là, ti ẹlòmíràn kò là. Kékeré wá jókòó tì í, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ náà pọ́n níbi tí wọ́n ti gbá a.

Obìnrin tó wọ jígí ló kọ́kọ́ dìde. "Ta ló lè fi ìdérí yẹn sí i padà?"

"Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti sọnù láti ọjọ́ yìí, Mà," ni Tíṣà Tuntun wí, ojú ń tì í.

Ìyá Fídíò la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Tíṣà wo nọ́ọ̀tì, ó wo ojú rẹ̀, ó gbà wọ́n láìbéèrè. Wọ́n wọlé ṣinṣin, bí ẹni pé àná ni wọ́n tú wọn.

"Ẹ lọ gbé kámẹ́rà yín wá," ni àlejò náà wí. "Kò sẹ́ni tó máa gé pákó kankan lónìí títí fídíò yẹn yóò fi pé."

Bébà orí tábìlì Ọ̀gá kò rí ìbuwọ́lù lọ́jọ́ náà, kò sì tí ì rí i dòní. Ìyá Fídíò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń gbé kámẹ́rà bọ̀. Ó kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀, ó gbá ìdí ayùn mọ́ tónítóní, ó ní òun ò lè dúró sí ibi tí Bàbá dúró sí kó dọ̀tí. Kékeré ló di kámẹ́rà mú. Wọ́n ní kí gbogbo àwọn tó kù jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n pa fáànù, kí ariwo má baà wọ̀ ọ́.

"Èmi kì í ṣe káfíńtà," ó sọ fún kámẹ́rà. "Iṣẹ́ ẹlòmíràn ni mo fẹ́ jẹ́ fún yín. Ẹni tí ẹ ń wò yìí yọ ìdérí ayùn kí ẹ lè rí inú iṣẹ́. Ó ní ẹ̀yin ò gbọdọ̀ yọ ọ́. Ẹni tó bá yọ ọ́, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ òun. Ìka mẹ́wàá ló gbé lọ sábẹ́ ilẹ̀. Ẹ ka tiyín." Ó fi ìdérí náà hàn wọ́n, ó fi bí wọ́n ṣe ń dè é hàn wọ́n. Kò wo aago. Nígbà tó parí, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni.

Ó fi í sí ipò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọ̀sán, gbogbo wọn tún jókòó, àlejò, Ọ̀gá, Tíṣà, àwọn ọmọ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin pé. Ojú Ìyá Fídíò jáde, ó sọ tirẹ̀, ó lọ. Bàbá fi ọwọ́ lé pákó, ọwọ́ ńlá méjèèjì, tirẹ̀ méjèèjì. Kò dúró. Ó tì í lọ tààrà, pákó sì pín sí méjì.

"Ẹ dá a padà sẹ́yìn díẹ̀," ni Tíṣà wí lójijì. "Ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ yẹn."

Wọ́n dá a padà. Wọ́n tẹ́tí. Ní ibi tí Ìyá Fídíò ti sọ pé "ẹ ka tiyín," ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn kámẹ́rà. Méjì kúkúrú. Ẹ̀kẹta fà gùn, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí.

"Màámi," ni Kékeré wí, ohùn rẹ̀ kéré, "èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Èmi ò wúkọ́."

"Mo mọ̀."

 Ọ̀gá Àgbà wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. "Ìyá Fídíò, ẹ ò ní... ẹ ò ní gé ibẹ̀ yẹn kúrò? Ó ti di ìṣẹ́jú mọ́kànlá àbọ̀."

Ìyá Fídíò ti ń di ẹ̀dà fídíò náà sápò, mẹ́ta, ọ̀kan fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé wọn lọ. Ti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin yẹn ni yóò kọ́kọ́ dé, kó lè kúnlẹ̀ níwájú ọmọ ọlọ́mọ kó tó sọ ohunkóhun.

"Rárá, Ọ̀gá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wúkọ́."